Bí ẹ ṣe máa nu dírááfù kọ̀ǹpútà mọ́ kí ẹ tó fi Windows tuntun sí i

Iṣẹ́ méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà sí ọ̀kan: nínu dírááfù (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pa mọ́ sí) mọ́, àti fífi Windows tuntun sórí ẹ̀rọ. Lóòótọ́ wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lé ara wọn, àmọ́ èèyàn lè ṣe ọ̀kan láìṣe èkejì. Ẹni tó fi Windows tuntun sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó sì rí i pé ojú rẹ̀ mọ́ kedere, lè rò pé fọ́tò, lẹ́tà àti ìwé báńkì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti dàwátì. Púpọ̀ nínú wọn lè ṣì wà níbẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wá sì rí wọn.

Torí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan, ẹ bi ara yín pé ta ló máa lo ẹ̀rọ yìí lẹ́yìn òní. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin náà ni, tó kàn jẹ́ pé ẹ̀rọ ti ń wọ́, tàbí ẹ fura pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́, kò sídìí tí ẹ fi máa fi ọ̀pọ̀ wákàtí nu dírááfù. Ẹ pa àwọn ìpín (partition) tí wọ́n pín in sí rẹ́, ẹ fi Windows tuntun sí i, ó tán. Àmọ́ bó bá ń kúrò lọ́wọ́ yín, yálà ẹ fẹ́ tà á, ẹ fẹ́ fi ta ẹnì kan lọ́rẹ, àbí iléeṣẹ́ ló ni ín tí ẹ fẹ́ dá a padà, nínu rẹ̀ mọ́ ni olórí iṣẹ́. Tó bá sì jẹ́ ti iléeṣẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́ o. Àwọn kan kì í fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀.

Ìdí tí Delete kò fi tó

Tí ẹ bá pa fáìlì rẹ́, tí ẹ sì da Recycle Bin nù, gbogbo ohun tí Windows ṣe kò ju pé ó fàmì sí i nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé àyè tí fáìlì náà wà ti ṣí sílẹ̀. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ya ojú ewé àkóónú kúrò níwájú ìwé: gbogbo orí ìwé náà ṣì wà lẹ́yìn ní pípé. Quick format náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ bíi PhotoRec kì í tiẹ̀ wo àkọsílẹ̀ yẹn rárá. Ó máa ń ka dírááfù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó máa ń wá àmì tí fọ́tò tàbí ìwé fi máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń kó wọn jáde níkọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ ṣe máa nù ún wá dọwọ́ irú dírááfù tó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ kí Task Manager ṣí, ẹ lọ sí Performance, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ Disk. HDD ni hard disk tó ní àwo tó ń yí nínú. SSD kò ní ohun tó ń yí.

Ti hard disk rọrùn: ẹ kọ òdo lé gbogbo ojú rẹ̀ lórí lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹ lè ti gbọ́ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìgbà 35. Peter Gutmann ló mú nọ́ńbà yẹn wá lọ́dún 1996, àwọn oríṣiríṣi dírááfù ayé ìgbà yẹn ló sì ní lọ́kàn. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé kò sí dírááfù kan tó nílò gbogbo rẹ̀. Ìtọ́sọ́nà 800-88 lórí nínu dírááfù, tí NIST, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tún ṣe lọ́dún 2014 sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sábà máa ń tó. Ẹni tó bá ń fi ọjọ́ méjì kọ nǹkan lé hard disk lórí lọ́pọ̀ ìgbà, iná mànàmáná ló ń fi ṣòfò.

SSD ló ta kókó. Nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tó ń pín iṣẹ́ káàkiri kí ibì kan má bàa tètè gbó ju ibòmíì lọ. Tí ẹ bá ní kó kọ òdo síbì kan, ó lè lọ kọ ọ́ síbòmíì, kó fi èyí àtijọ́ sílẹ̀ níbi tó wà. Ó tún ní àyè àfikún tí Windows kò lè rí. Ìdí nìyẹn tí kíkọ òdo lé e lórí kò fi dáni lójú, tó sì tún ń gbó o lásán. SSD fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ nu ara rẹ̀. Tiyín ni pé kí ẹ pàṣẹ fún un. Bí ẹ ṣe máa pa á ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Kíkó nǹkan yín jáde

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ìyókù, ẹ̀rọ ló máa ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ kò lè bá yín rántí ohun tí ẹ gbàgbé.

Kò sẹ́ni tó máa ń gbàgbé Documents àti Pictures. Ohun tó fara pa mọ́ ni wọ́n máa ń gbàgbé: ọ̀rọ̀ aṣínà tí Chrome tàbí Firefox bá wọn tọ́jú, email tí Outlook kó sínú fáìlì .pst, géèmù tí wọ́n ti gbá dé ìdajì, kọ́kọ́rọ́ sọ́fítíwíà tí wọ́n sanwó fún. Ẹ ṣí fódà tó ń jẹ́ orúkọ yín nínú C:\Users, ẹ tẹ View, ẹ fàmì sí Hidden items, ẹ wá yẹ inú AppData wò dáadáa. Tó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà yìí ni ẹ ti ń rí nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ fi ń wọlé sí email tàbí báńkì, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sórí fóònù, ẹ sì gbìyànjú àtifi wọlé látibẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àmì ìkùukùu kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì tí OneDrive ń tọ́jú. Fáìlì tó bá ní àmì yẹn, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí ẹ̀rọ yín. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún mouse tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Properties: níwájú Size ẹ lè rí 48 MB, àmọ́ níwájú Size on disk, 0 bytes ló máa wà. Ẹ yan Always keep on this device, ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ tán, ẹ tó kó o sínú dírááfù míì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ tán, ẹ yọ dírááfù tí ẹ kó o sí, ẹ lọ kì í bọ kọ̀ǹpútà míì, ẹ ṣí fáìlì bíi mẹ́wàá káàkiri inú rẹ̀. Ẹ wo fídíò kan dé òpin. Kí orúkọ fáìlì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí kó ṣeé ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé dírááfù yẹn jìnnà sí ẹ̀rọ títí iṣẹ́ fi máa parí.

Ó ku nǹkan mẹ́ta tó yẹ kí ẹ kọ sórí bébà. Àkọ́kọ́, kọ́kọ́rọ́ BitLocker (ètò Windows tó ń ti dírááfù pa), tó bá wà: nọ́ńbà 48 ni, ó sì sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft yín. Èkejì, irú Windows tí ẹ ń lò, bóyá Home ni àbí Pro. Ẹ máa rí i nínú Settings, lábẹ́ System, ní Activation. Tí ẹ bá rí i níbẹ̀ pé digital license ló mú un ṣiṣẹ́, ẹ kò ní nílò kọ́kọ́rọ́ Windows mọ́, torí pé ó ti so mọ́ ẹ̀rọ yẹn, àmọ́ irú kan náà lẹ gbọ́dọ̀ fi sí i. Ẹ̀kẹta ni orúkọ àti nọ́ńbà móńdẹ́ẹ̀lì (model) ẹ̀rọ náà, nítorí driver, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows lè lo apá kọ̀ọ̀kan ẹ̀rọ.

Ṣíṣe flash drive tí ẹ máa lò

Ẹ wá flash drive tí kò dín ní 8 GB, tí kò sí ohun tí ẹ fẹ́ràn lórí rẹ̀, torí gbogbo rẹ̀ ló máa lọ. Láti ojúlé Microsoft fúnra wọn ni kí ẹ ti gba Media Creation Tool, ẹ ṣí i, ẹ tẹ̀ lé ohun tó bá sọ. Tí ẹ bá fura pé fáírọ́ọ̀sì wà lórí ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ tún ṣe, orí kọ̀ǹpútà míì ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ má gba Windows tí ẹnì kan ti bá yín “ṣètò sílẹ̀” lórí íntánẹ́ẹ̀tì o. Ẹ kò lè mọ ohun tó kì bọ̀ ọ́.

14 October 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtìlẹyìn Windows 10 dúró, torí náà Windows 11 ló yẹ ká máa sọ. Ó ń béèrè TPM 2.0 àti Secure Boot (ohun ààbò méjì tó máa ń wà nínú ẹ̀rọ), RAM 4 GB àti àyè 64 GB, ó kéré tán. Ẹ̀rọ tí kò bá kúnjú ìwọ̀n yìí, ní tèmi, Linux Mint tàbí Ubuntu ló yẹ ẹ́; irú Linux ni méjèèjì, ètò tí wọ́n ń lò dípò Windows. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa kíkó nǹkan jáde àti nínu dírááfù náà ló kàn án.

Ẹ wá lọ sí ojúlé iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, ẹ tẹ móńdẹ́ẹ̀lì rẹ̀ síbẹ̀, ẹ gba driver Wi-Fi, ẹ fi í pa mọ́ sórí flash drive náà tàbí òmíì. Ìdí ni pé Windows tuntun lè má dá Wi-Fi yín mọ̀, bẹ́ẹ̀ Wi-Fi lẹ nílò láti fi gba driver tó máa jẹ́ kó dá a mọ̀.

Títan ẹ̀rọ látorí flash drive

Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ní dírááfù ju ẹyọ kan lọ, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà gbogbo èyí tí ẹ kò fẹ́ fọwọ́ kàn. Nǹkan méjì ló ń gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ kò ní ṣèèṣì nu èyí tí kò yẹ, Windows kò sì ní lọ fi fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pa mọ́ sórí dírááfù kejì, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ̀rọ kò ní tàn mọ́.

Ẹ ki flash drive bọ̀ ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ sì máa tẹ bọ́tìnì tó ń ṣí boot menu (ibi tí ẹ ti máa yan dírááfù tí ẹ̀rọ máa fi tàn) ní àtẹ̀túntẹ̀. F12 ni lórí púpọ̀ nínú Dell, Lenovo àti Acer, F9 lórí HP. Asus sábà máa ń lo Esc tàbí F8. Ẹ yan flash drive tó ní UEFI níwájú orúkọ rẹ̀.

Nínu hard disk

Nígbà tí ojú ewé àkọ́kọ́ Windows Setup bá yọ, ẹ tẹ Shift àti F10 pa pọ̀. Fèrèsé dúdú kan máa ṣí. Ẹ kọ diskpart, ẹ tẹ Enter, ẹ sì kọ:

list disk

Ẹ má kánjú níbí. Ẹ máa rí Disk 0, Disk 1, bóyá Disk 2, àti bí wọ́n ṣe tóbi tó. Nọ́ńbà wọn kò ní bá èyí tó wà lára páálí mu: dírááfù 1 TB máa jẹ́ 931 GB, ti 512 GB máa jẹ́ 476 GB, flash drive 32 GB sì máa wà ní nǹkan bíi 29 GB. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ka GB ló yàtọ̀, kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe tóbi tó yìí lẹ máa fi dá wọn mọ̀. Tí dírááfù méjì bá tóbi bákan náà, ẹ mú ọ̀kan pẹ̀lú select disk, ẹ kọ detail disk, ó máa sọ orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é. Tó bá wá dá yín lójú:

select disk 0
clean all

(Ẹ fi nọ́ńbà tiyín rọ́pò 0.) Clean lásán, láìsí all, àkọsílẹ̀ ìpín nìkan ló ń pa rẹ́. All yẹn ló ń kọ òdo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò ní béèrè pé ṣé ó dá yín lójú, kò sì ní fi hàn pé òun ti dé ibì kankan. Ńṣe ni àmì kékeré á kàn máa ṣẹ́jú níbẹ̀. Tí hard disk bá ń kọ 120 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 1 TB máa gbà á tó wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Èyí tó ti gbó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń rò pé ó ti kú, wọ́n á pa á láàárín. Ẹ fi í sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ Linux lẹ fi tan ẹ̀rọ, ẹ lè yẹ iṣẹ́ náà wò lẹ́yìn tó bá parí. Ẹ kọ lsblk kí ẹ fi mọ orúkọ tí ó ń pe dírááfù náà, ká ní sda ni, kí ẹ wá kọ:

sudo cmp /dev/sda /dev/zero

Tó bá kà á dé òpin tó sì sọ EOF on /dev/sda, òdo ni gbogbo rẹ̀. Tó bá sọ differ, nǹkan ṣì kù níbẹ̀.

Nínu SSD

Ọ̀nà tó yá jù ni BIOS, ìyẹn ètò inú ẹ̀rọ tó máa ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ wọ inú BIOS pẹ̀lú F2 tàbí Del, ẹ wá ohun tó ń jẹ́ Secure Erase, Sanitize tàbí Data Wipe. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ní in. Tí kò bá sí níbẹ̀, irinṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ṣe SSD náà lè ṣe é, bíi Samsung Magician fún ti Samsung.

Ọ̀nà tí èmi fẹ́ràn jù ni Ubuntu tí ẹ fi tan ẹ̀rọ látorí flash drive láìfi í sórí dírááfù kankan. Ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí Terminal, fèrèsé tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ. Tó bá jẹ́ SSD irú NVMe ni, ẹ kọ:

sudo apt install nvme-cli
sudo nvme list
sudo nvme format /dev/nvme0n1 --ses=1

Àṣẹ kejì máa fi orúkọ àti móńdẹ́ẹ̀lì SSD hàn yín; orúkọ yẹn ni kí ẹ fi rọ́pò /dev/nvme0n1. Ẹ̀kẹta ló ń nù ún, ó sì lè yà yín lẹ́nu bó ṣe máa ń yá tó. Nígbà míì, kò ní tó ìṣẹ́jú kan.

SSD ti SATA, èyí tó rí pẹlẹbẹ bíi hard disk laptop, hdparm ló ń nù ún. Ẹ kọ́kọ́ kọ sudo hdparm -I /dev/sda, ẹ wo apá Security. Tó bá jẹ́ frozen ló wà níbẹ̀ láìsí not níwájú rẹ̀, BIOS ti tì í. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sùn díẹ̀ pẹ̀lú Suspend, ẹ jí i, ẹ tún un wò. Tó bá ti di not frozen:

sudo hdparm --user-master u --security-set-pass p /dev/sda
sudo hdparm --user-master u --security-erase p /dev/sda

Lẹ́tà p yẹn ni ọ̀rọ̀ aṣínà onígbà díẹ̀. Tí iná bá lọ láàárín àṣẹ méjèèjì, dírááfù máa wà ní títì, p náà ló sì máa ṣí i, torí náà ẹ má fi nǹkan tó díjú síbẹ̀. Ẹ má sì ṣe é lórí SSD tí ẹ fi wáyà USB so mọ́ ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ wáyà bẹ́ẹ̀ kì í gbé àṣẹ yìí lọ bó ṣe yẹ.

Tí Mac yín bá ní ṣíìpù T2 tàbí ti Apple fúnra wọn, tó sì ń lo Monterey tàbí èyí tó tuntun jù ú lọ, gbogbo wàhálà yìí kò kàn yín. Ẹ wá Erase All Content and Settings nínú System Settings (System Preferences ni wọ́n ń pè é lórí Monterey), ó máa pa kọ́kọ́rọ́ tó fi ti gbogbo fáìlì run, ó sì máa yọ ẹ̀rọ náà kúrò lábẹ́ àkáǹtì yín.

Dírááfù tó ti bàjẹ́ tí kò jẹ́ kí ẹ nù ún, ẹ fọ́ ọ. Ti hard disk, àwo inú rẹ̀ ni kí ẹ fọ́. Ti SSD, ṣíìpù dúdú kọ̀ọ̀kan ni. Ẹ wọ awò ojú, torí àwo míì jẹ́ gíláàsì.

Fífi Windows sí i

Ẹ padà sórí flash drive Windows. Níbi tó bá ti béèrè kọ́kọ́rọ́, ẹ yan I don't have a product key, kí ẹ sì mú Home tàbí Pro tí ẹ kọ sórí bébà. Ní ojú ewé tó ń fi dírááfù hàn, ẹ máa rí i pé èyí tí ẹ nù ti di Unallocated Space. Ẹ yan án, ẹ tẹ Next. Ẹ má dá ìpín kankan sílẹ̀ fúnra yín. Windows mọ èyí tí òun fẹ́.

Tó bá jẹ́ pé ẹ kò nu dírááfù torí ẹ̀rọ ṣì jẹ́ tiyín, ẹ máa rí ìpín mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí Disk náà. Ẹ mú wọn níkọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ Delete títí gbogbo wọn á fi di Unallocated Space kan ṣoṣo.

Tí ojú ewé náà bá ṣófo, tí kò fi dírááfù kankan hàn, ẹ má sáré lọ ra tuntun. Lórí ọ̀pọ̀ laptop tó ní Intel, driver tó ń jẹ́ Intel RST tàbí VMD ló ṣaláìsí. Ẹ gbà á láti ojúlé iléeṣẹ́ tó ṣe laptop náà, ẹ tú u sórí flash drive, ẹ tẹ Load driver.

Ẹ̀rọ máa pa ara rẹ̀, á sì tún tàn. Tó bá tún gbé yín padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ yọ flash drive kúrò.

Tó bá parí

Ẹ̀rọ tó ṣì jẹ́ tiyín: ẹ fi driver Wi-Fi sí i, ẹ ṣe Windows Update títí kò fi ní sí òmíì mọ́, ẹ ṣí Device Manager, ẹ wò ó bóyá àmì yẹ́lò wà lára ohunkóhun. Ẹ wo Activation náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó dá fáìlì yín padà. Ìwé, fọ́tò àti fídíò ni kí ẹ dá padà. Ti ètò tí wọ́n ń fi sórí ẹ̀rọ, ẹ gbà á ní tuntun, pàápàá tó bá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì ló lé yín dé ibí. Windows 11 tuntun sábà máa ń tan BitLocker fúnra rẹ̀ tí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, torí náà kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 tuntun ti wà nìyẹn. Ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fagi lé ti àtijọ́ lórí bébà.

Ẹ̀rọ tó ń lọ: nígbà tí Windows bá béèrè orílẹ̀-èdè tí ẹ wà, ẹ má dáhùn. Ẹ tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ á fi kú, kí ẹni tó ni ín báyìí lè fi orúkọ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá wọ àkáǹtì Microsoft yín lórí fóònù tàbí ẹ̀rọ míì, ẹ lọ sí Devices, ẹ yọ ẹ̀rọ náà kúrò níbẹ̀. Tí ẹ bá ti fi Chrome tàbí Dropbox sórí rẹ̀ rí, ẹ jáde kúrò lórí ẹ̀rọ yẹn látinú àkáǹtì àwọn náà.